Ọdún Tí Màámi Wọ Aṣọ Ọ̀fọ̀ Mú Wa Lọ Najú

Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ Títí, ẹ̀gbọ́n mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Màmá Mojí, ẹ ti dàgbà. Ẹ má sunkún mọ́, ẹ má ronú mọ́." Mo ní mo gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń dìde báyìí, mo ní kí wọ́n bá mi ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta àti bírò méjì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n orí mi kì í gbàgbé ènìyàn. Mo lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó gbé inú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, láti yàrá iwájú títí dé ìdí ẹ̀rọ omi: Bàbá Làsísì onílé àti Ìyá Sikírá ìyàwó rẹ̀, Bọ̀dá Gàníyù tó ń tún rédíò ṣe, Tíṣà Olúfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Dúpẹ́, tí kì í fọ abọ́ láìkọ orin ìjọ sí i, àti àwa márùn-ún nínú yàrá kan àti pálọ̀ kékeré kan. Mẹ́fà ni wá tẹ́lẹ̀. Bàbá wa kú lóṣù tó ṣáájú Àjíǹde. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ló ti lọ, kò sí ẹni tó máa já mi nírọ́ bí mo bá ṣì í sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìró garawa ló máa ń jí wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi á gbé garawa rẹ̀ gbá sìmẹ́ńtì, gbàù, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun ló wà níwájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè àdúrà láti mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn ìyẹn ni Bọ̀dá Gàníyù á tan gbogbo rédíò tí àwọn ènìyàn kó wá bá a lẹ́ẹ̀kan náà, láti mọ èyí tó ti gbádùn nínú wọn. Ìròyìn kan náà ni wọ́n á máa sọ, ọ̀kan á máa sọ ọ́ geere, ọ̀kan á máa sín, ọ̀kan á máa hó bí òróró gbígbóná. Bí a ṣe gbọ́ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan pé àwọn tíṣà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà Olúfẹ́mi jáde, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, ó wo àwa ọmọdé, ó ní, "Ó yá, ẹ lọ máa ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ wa lẹ́ ó padà." A hó yèè. Ọ̀sẹ̀ kan la rò pé ó máa jẹ́. Ìsinmi yẹn gbé wa dé ìgbà òjò, òjò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kí wọ́n tó ṣí ilé-ìwé.

Màámi, Adúnní lorúkọ rẹ̀, ń ṣe alásè nílé-ìwé kan ní Yaba. Bí wọ́n ṣe ti ilé-ìwé, iṣẹ́ tirẹ̀ náà dúró. Ó wá di pé gbogbo wa wà nílé, opó kan àti ọmọ mẹ́rin, a ń wo fìlà bàbá wa lórí ìṣó. Títí ni àkọ́bí, ọmọ ọdún méjìlá. Èmi ló tẹ̀ lé e. Káyọ̀dé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Bùnmi àbígbẹ̀yìn ṣì ń tọ̀ sára. Káyọ̀dé ni wàhálà wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pósí bàbá wa jáde, kò sọ̀rọ̀. Á mú òkèlè, á fi sẹ́nu, á fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ọ̀bọ, kò ní gbé e mì, títí Màámi á fi la ẹnu rẹ̀ tí á fi ìka yọ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un. Àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà lé e lórí. Ọmọ ń wò wá ni. Mo ti wá di àgbà báyìí, mo ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì mọ ohun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn. Nígbà náà, ìbínú ló máa ń bí mi, torí pé ẹran tirẹ̀ ló ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nílé bàbá mi, opó kì í jáde fún odidi oṣù mẹ́ta. Ó lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè dé ọjà bí kò bá sẹ́ni rán, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lọ síbi tí ènìyàn ti lè rí eyín rẹ̀. Màámi jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní Sátidé kan, ó dìde nílẹ̀, ó ní kí Títí lọ gbé ewùrà wá. Èmi àti Títí la rin ín, lórí páànù tí Bọ̀dá Gàníyù fi ìṣó lu ihò sí lára. Ẹni tó bá ti rin ewùrà rí mọ̀ bó ṣe ń yún ni lọ́wọ́. A ń rin, a ń họra, Màámi ń gé àlùbọ́sà àti ata rodo sí i, ó ń sọ fún wa pé, "Ẹ má dúró. Ohun tó bá máa dùn lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yún lọ́wọ́." Ó dín ọ̀jọ̀jọ̀ náà ní roboto-roboto, ó fi ewé dì í, ó kó o sínú abọ́ tánganran ńlá onídèérí. Ó wẹ̀ wá. Ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó so gèlè dúdú mọ́ ọn, ó pọn Bùnmi.

Ìyá Sikírá ló bá wa pàdé lẹ́nu géètì.

"Adúnní, níbo lò ń kó wọn lọ?"

"A ń lọ najú, Ìyá Sikírá."

"Nínú dúdú?"

"Òun ni mo ní. Bó bá jẹ́ pupa ni wọ́n rán fún mi, pupa ni ǹ bá wọ̀."

"Háà!" Ìyá Sikírá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́ á pọ̀ o."

"Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ. Màá jẹ́ wọn tí mo bá dé."

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé etí pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè. A ò wọlé, a dúró sẹ́yìn irin, níbi tí a ti lè rí àwọn tó ń kọ́ eré sísá. Wọ́n ń sáré yí ká, wọ́n ń yí ká, òógùn bò wọ́n, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwa jókòó sórí koríko, a tú ewé, a ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀. Òfin Màámi kan ṣoṣo wà lórí oúnjẹ: inú abọ́ kan ni gbogbo wa ti ń jẹ, Káyọ̀dé náà gbọ́dọ̀ jókòó yí i ká, ìbáà jẹ́ kò jẹ. Ló bá di pé Káyọ̀dé fi ọwọ́ di irin mú, ó wo àwọn sárésáré yẹn pẹ́ títí, ó wá yíjú sí Màámi.

"Màámi, kí ló ń lé wọn?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Títí dìde dúró. Màámi ò gbá a mọ́ra, kò pariwo. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi etí gèlè dúdú nù ún, gbogbo eyín rẹ̀ níta. "Kò sí ohun tó ń lé wọn, ọkọ mi. Inú wọn ló ń dùn." Káyọ̀dé ní ọ̀rọ̀ yẹn ò yé òun. Ó mú ọ̀jọ̀jọ̀ kan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà, ẹni yẹn mọ̀ wá, ẹni yẹn sì rí eyín opó. Kí Sọ́ńdè tó ṣú, ìròyìn ti dé Musin.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí a ò jáde. A dé Yaba, a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, a ń ka yàrá rélùwéè bó bá ń kọjá. Káyọ̀dé á kà á títí iye á fi dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì bínú sí rélùwéè. A dé etí ọ̀sà lẹ́yìn yunifásítì, níbi tí àwọn apẹja ti ń yọ àwọ̀n. Ilé la ti máa ń se gbogbo ohun tí a bá jẹ. Lánàá-òde-yìí ọmọ ọmọ mi kan bi mí ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn oúnjẹ inú ike tí àwọn ọlọ́kadà ń gbé kiri. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n àsáró Màámi, tí ó fi ẹja gbígbẹ sè, tí ó ti dì mọ́ra kí a tó dé ibi tí à ń lọ, tí a wá fi ṣíbí gé bíi kéèkì, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn fún mi nínú ike?

Àbúrò bàbá wa obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ló ń gbé Musin, nítorí náà Àǹtí Musin là ń pè é. Télọ̀ ni, kò bímọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Ó wá sílé wa ní Tọ́sìdeè kan tí Màámi wà lẹ́yìn ilé tó ń fọ aṣọ. Téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn. Kò bèèrè Màámi. Ó ní, "Títí, dìde, nàró," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n: èjìká, àyà, ìbàdí, ẹsẹ̀. Ó ń sọ nọ́ńbà náà sí etí ara rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sórí bébà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbagidi, ojú rẹ̀ ti yí padà, èmi ò mọ ìdí. Èmi, owú ló ń jẹ mí. Títí ló máa ń gba aṣọ tuntun, èmi ló máa ń gba àlòkù Títí. Mo sún mọ́ Àǹtí, mo fa ìró rẹ̀.

"Àǹtí, èmi náà ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà fẹ́?"

"Mo fẹ́ o, Àǹtí. Ẹ wọn èmi náà."

"Mojí!" Títí pè mí bí ẹni tí iná jó.

"Jẹ́ kó wí tẹnu rẹ̀," ni Àǹtí Musin sọ. "Ó kúkú mọ ohun tó dára. Obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ọmọ bíi rẹ á wúlò fún." Ó sì wọ̀n mí. Mo na àyà síwájú kí n lè tóbi lójú rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán ni Títí gbá mi létí. Ó ní, "Ó ti pín ẹ. O fẹnu ara rẹ béèrè!" Bí àṣà ẹbí wa ṣe rí nìyẹn, mi ò sì mọ̀. Wọn kì í fẹnu sọ pé àwọn fẹ́ mú ọmọ òkú. Aṣọ ni wọ́n máa ń dá. Ọmọ tó bá wọ aṣọ ẹnì kan níjọ́ tí ẹbí bá jókòó, ilé onítọ̀hún ló ń bá lọ, ó di ọmọ ibẹ̀ nìyẹn. Títí ń lọ sí Musin. Èmi ń lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ obìnrin tí mi ò rí rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ti ra sókòtò fún Káyọ̀dé. Bùnmi nìkan ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ fún Màámi, torí ìtọ̀. Ìjókòó ẹbí sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè gbé oúnjẹ mì lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi náà fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ nínú dàńṣíkí, Àǹtí Musin pẹ̀lú báàgì aṣọ. Màámi ti se ìrẹsì láti àárọ̀, ó fi adìyẹ kan odidi sè é. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó bu oúnjẹ fún wọn, ó bu omi. Wọ́n jẹun dáadáa. Nígbà tí wọ́n fọ ọwọ́ tán, Àǹtí Musin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ó ní ilé-ìwé ti di títì, ọmọ ń rìn gbéregbère. Ó ní òun ò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n opó tó ń kó ọmọ jẹ̀ kiri bí ewúrẹ́, tó ń la eyín sí ẹni tó ń kọjá, ojú kì í tì í ni? Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kàn ń mi orí, ó ń fi igi kékeré yọ ẹran láàárín eyín. Ó ní, "Wọ́n ní Káyọ̀dé ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ àbúrò mi, kó di odi lójú mi? Rárá."

Àǹtí Musin ṣí báàgì. Aṣọ ìmúra olóòdòdó méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ọlọ́run ló mọ̀, wọ́n lẹ́wà. "Títí, Mojí, ẹ wá wọ aṣọ yín."

Màámi dìde nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Bùnmi sẹ́yìn, ó gbá ọ̀já mọ́ ọn. Ó gbé abọ́ tánganran, tí àsáró ti wà nínú rẹ̀, sórí. "Títí, mú Káyọ̀dé lọ́wọ́. Mojí, bọ́ síwájú."

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni Àǹtí Musin bèèrè.

"A ń lọ najú, Àǹtí."

"Lónìí? Lójú wa? Ìwọ, o sì gba àlejò sínú ilé?"

"Ẹ kì í ṣe àlejò. Ilé arákùnrin yín ni. Omi wà nínú ìkòkò, adìyẹ ṣì kù. Ẹ jókòó, ẹ máa pín. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè pín ohun tí kò sí nílé."

Ó jáde. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Gàníyù pa rédíò, tí gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Àǹtí Dúpẹ́ dúró sídìí abọ́ láìkọ orin. Ìyá Sikírá, tó ti ní orúkọ á pọ̀, ṣí géètì fún wa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń ṣí i fún ìyàwó tuntun.

Etí ọ̀sà la lọ. Mi ò bá wọn jẹun. Mo dúró lẹ́yìn Màámi, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ní kí Àǹtí wọ̀n mí, pé Títí ò béèrè, èmi ni mo béèrè. Màámi ò yíjú. Ó ń wo omi. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ aṣọ ni, àbí o fẹ́ lọ?" Mo ní aṣọ. "Ọmọdé tó fẹ́ aṣọ ò ṣẹ̀. Àgbà tó fi aṣọ pẹja ọmọ ló ṣẹ̀. Jókòó, kí o jẹun." Mo jókòó. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí abọ́ ká, orúnkún ń kan orúnkún. Mo sọ ọ́ báyìí kí àwọn ọmọ Títí lè kà á: Bùnmi ló kọ́kọ́ lọ nínú wa, Káyọ̀dé tẹ̀ lé e, ìyá yín wá lọ lóṣù tó kọjá. Ẹ ní kí n má sunkún. Màá sun ún. Ikú ti pín wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dúró títí gbogbo irun wa fi funfun kó tó lè ṣe é, kò sì sẹ́lòmíì tó rí i ṣe ṣáájú rẹ̀.

Òòrùn ti ń wọ̀ kí a tó padà dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àǹtí Musin dúró tì í, báàgì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Káyọ̀dé ti já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ Títí, ó sáré tọ Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹja kan wà tó ní irùngbọ̀n! Apẹja ní kí n fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án, ó ta pọ́ún-pọ́ún, Títí sá, èmi ò sá. Ṣé ẹja ń darúgbó ni?" Ẹnu rẹ̀ kún fún àsáró, ó ń sọ ọ́, ó ń jẹ ẹ́. Bó ṣe ń ja ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn, bàbá wa pátápátá ni. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wò ó. Ó wo ẹnu rẹ̀. Ó di fìlà rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún un láàárín ọwọ́ méjèèjì bí aṣọ tó tutù.

"Ẹja ń darúgbó," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àǹtí Musin wí, "ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀rọ̀..."

"Àbẹ̀kẹ́, dákẹ́ ná."

"Aṣọ tí mo rán ńkọ́? Mo jókòó sídìí máṣíìnì ọjọ́ méjì!"

Màámi sọ abọ́ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú iyanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba báàgì náà. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Aṣọ lẹ rán fún àwọn ọmọ mi, Ọlọ́run á rán tiyín. Ilé yìí ni wọ́n á ti máa wọ̀ ọ́." Ó dìde pẹ̀lú báàgì náà, ó gbé e fún Títí. Àǹtí Musin kọjá lára wa lọ sójú títì.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wọ bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé fìlà tó ti rún. Ó na ìka sí Màámi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n ó nà án.

"Ìyàwó, bí ọ̀kan nínú wọn bá sùn lébi, ìwọ ni màá wá bi."

Màámi tún Bùnmi gbé sókè lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wá bi mí, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ kúkú mọ ilé."